Ọdọọdún Ni À Ń Sọjí

Tó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń kọ ìsọjí gàdàgbà sára bánà ló ṣe ń wọ ọkàn èèyàn ni, gbogbo ọmọ ìjọ wa ní Ìkòsí ni ìbá ti di áńgẹ́lì báyìí. Ọdọọdún là ń sọjí. Tí a bá sọjí lóṣù kẹta, ó di dandan kí a tún kú kí ọdún tó parí, nítorí kọmití ti mú ọjọ́ tí a óò tún sọjí lọ́dún tó ń bọ̀.

Èmi ni akọ̀wé kọmití ọ̀hún. Kì í ṣe pé mo mọ àdúrà gbà ju ẹlòmíràn lọ. Iṣẹ́ tíṣà Yorùbá ni mò ń ṣe ní iléèwé aládàáni kan ní Kẹtu, níbi tí wọ́n ti máa ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Yorùbá, àfi tó bá jẹ́ inú kíláàsì mi ló ti sọ ọ́. Àwọn àgbà ìjọ wá rò pé ẹni tó ń jẹun lórí Yorùbá ló yẹ kó máa wá orúkọ fún ìsọjí. Àṣà wa sì ni pé orúkọ kan kì í gorí bánà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí a bá lò lọ́dún yìí ti parí iṣẹ́ nìyẹn, bí ẹni pé Ọlọ́run máa sọ pé òun ti ka èyí rí.

Mo wá ọ̀rọ̀ títí. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìsọjí lásán ni. Lọ́dún kejì, ìsọdọ̀tun. Lọ́dún kẹta, mo mú àtúnbí wá, bàbá kan sì dìde, ó ní kí a jọ̀ọ́, ìgbà mélòó ni wọ́n fẹ́ tún òun bí kí òun tó kú. Lọ́dún kẹrin, ìmúbọ̀sípò. Alága kọmití, tó ń gbé nínú ẹ́sítéètì tó ní géètì méjì, sọ pé gbogbo wọn náà ló jọra. Wọn ò jọra o. Ohun tó dákú là ń mú sọjí. Ohun tó gbó là ń sọ dọ̀tun. Ohun tó kúrò láyè rẹ̀ là ń mú bọ̀ sípò. Ilé tó ń jò, a kàn máa ń tún un ṣe ni, a kì í kọ orin sí i. Ṣùgbọ́n ta ló bi mí?

Àwọn bánà náà kì í ṣòfò ṣá. Ìyá kan nínú ìjọ tó ń ta tòmátì ní Mile 12 ló máa ń kó wọn lọ tí ètò bá ti parí. Bí ẹ bá dé ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn òjò, ẹ ó rí ÌSỌDỌ̀TUN bí wọ́n ṣe fi bo apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó ti ń jẹrà.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi gan-an ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ sọjí, kí n tó mọ̀ pé ó wà fún ṣọ́ọ̀ṣì. Apá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá, ẹ̀fọ́ ni wọ́n sì ń tà níwájú ilé wa títí di òní. Ẹ̀fọ́ tí oòrùn bá ti pa, wọn á bomi wọ́n ọn, wọn á fi àpò tútù bò ó. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, wọn á ṣí i, wọn á ní, "Wò ó, ó ti sọjí." Wọn ò lo bánà.

Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún kí wọ́n tó mọ̀wé kà. Ìjọ wa náà ló kọ́ wọn, ní kíláàsì àwọn àgbà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ìsìn Yorùbá, aago méje àárọ̀, ní ọjọ́ Ìsinmi tó bá gbẹ̀yìn oṣù. Láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ọ̀hún ni màá ti máa gbọ́ ohùn wọn ní pálọ̀, tí wọ́n ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ti kà á délẹ̀ láìkọsẹ̀, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni jà nínú ilé lọ́sẹ̀ yẹn.

Lọ́dún yìí, a pàdé ní ọ̀sán Sátidé. Alága gbé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kalẹ̀.

"Tíṣà, a fẹ́ merge service Yorùbá àti ti English," ó ní. "Àwọn màmá tó ń wá seven o'clock yẹn ò pé ogún mọ́. English ni a máa ṣe, a máa wá interpreter. Ìyẹn gan-an ni revival tọdún yìí. Ẹ bá wa wá Yorùbá tó máa dùn létí wọn, kí wọ́n má bínú."

"Something sweet, Tíṣà," ni Aunty akápò fi kún un. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n sọ."

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ó yẹ kí n sọ pé ìyá mi ń kàwé níbẹ̀, pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń kà á fún èèyàn gbọ́. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, inú mi ń dùn. Ó pẹ́ tí ẹni tó ní mọ́tò mẹ́ta, bíi ti Aunty akápò, ti sọ pé mo mọ ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, ti ìyá mi ló bá mi dákẹ́. Mo ronú díẹ̀, mo ní, "Ìrúwé Tuntun." Mo ṣàlàyé pé igi tí a bá gé lẹ́ka ló máa ń rúwé dáadáa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Èmi náà ni wọ́n rán láti ka ìkéde ní ìsìn Yorùbá lọ́jọ́ kejì. Mo kà á dùn débi pé àwọn màmá kan ṣe àmín, wọ́n rò pé àdúrà ni. Ìyá mi ò ṣe àmín.

Nígbà tí a délé, wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n ká a sórí ẹsẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yẹn dùn," ni wọ́n wí. "Ìwọ lo wá a, àbí?"

"Èmi ni, Mà."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló kàn mí láti kà. Níbo ni n óò ti kà á?"

"Wọ́n ní àwọn máa wá interpreter, Mà."

"Ṣé interpreter ló máa ka tèmi?"

Wọ́n tún gèlè náà ká.

"Omi la fi ń mú ẹ̀fọ́ sọjí," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yin yọ ọ̀bẹ sí i, ẹ wá ń pè é ní ìrúwé."

Síbẹ̀, wọ́n fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn kà á ní pálọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, a gba abẹ́ bánà mi wọlé, a jókòó sí ìlà kẹta. Interpreter ò wá. Nígbà tó kan ẹ̀kọ́ kejì, ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í fimú kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá mi ṣí Bíbélì wọn, wọ́n fi ìka lé ìlà àkọ́kọ́, ètè wọn sì ń mì. Èmi nìkan ni mo jókòó súnmọ́ wọn tó láti gbọ́. Wọ́n kà á délẹ̀. Wọn ò kọsẹ̀ níbì kan.

Lóde, alága gbá mi léjìká, ó ní kí n ti máa ronú sí orúkọ tọdún tó ń bọ̀. Mo ní ó ti tán, sà. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù tó tẹ̀ lé e, mo fetí sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, mi ò gbọ́ ohùn kankan ní pálọ̀. Bíbélì wọn wà lórí fíríìjì, dígí ojú wọn wà lórí rẹ̀. Mo gbé e tọ̀ wọ́n lọ, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kà á fún mi gbọ́.

"Ibi tó yẹ kí o ti sọ pé o fẹ́ gbọ́ mi, o ò sọ ọ́ níbẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n sì dìde lọ bomi wọ́n ẹ̀fọ́ wọn.