Ọjọ́ Tí Ọ̀rẹ́ Mi Sìn Wá Dé Ẹnu Géètì

Àádọ́ta kọ́bọ̀ ni a fi ń jẹun lójúmọ́ nígbà tí a wà ní yunifásítì: ti àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti alẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á fi adìyẹ sí i. Lónìí, abọ́ ìrẹsì kan ní Àgbowó, lójúkojú yunifásítì náà, pẹ̀lú ẹran tí ènìyàn máa wá kí ó tó rí, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni. Bí mo bá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n á ní àlọ́ ni mò ń pa.

Àwa mẹ́fà la jọ ń jẹun pọ̀ nígbà náà. Ọ̀kan nínú wa, tó kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, ló máa ń jẹ oúnjẹ tí àwa yòókù bá jẹ ṣẹ́kù. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin yìí kò lè gbé ẹ̀kọ mímu pàápàá mì mọ́. Jẹjẹrẹ ti mú un ní ọ̀nà ọ̀fun, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i pa.

Èmi àti ìyàwó rẹ̀ la tẹ̀lé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ring Road. Dókítà ibẹ̀, obìnrin tí a lè bí lọ́mọ, fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wa. Wọ́n á kọ́kọ́ gún un ní abẹ́rẹ́ oògùn kan tí yóò wọ inú kókó jẹjẹrẹ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n á ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ẹnu rẹ̀ wọlé, wọ́n á sì tan iná lesa sí ibẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ni yóò jí oògùn náà tí yóò fi pa kókó. Tí ọ̀nà ọ̀fun bá ti là, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fa kímò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, sí i lára láti lé èyí tó kù.

Ó ní, "Lesa nìkan ò tó, kímò nìkan ò sì tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ara wọn kíákíá. Ṣùgbọ́n bàbá, oògùn abẹ́rẹ́ yẹn máa wà nínú awọ ara yín fún bí oṣù kan. Ẹ ò gbọdọ̀ jáde sí oòrùn rárá. Á jó yín."

"Mo ti di àdán nìyẹn," ni ọ̀rẹ́ mi wí pẹ̀lú ohùn tó ti há. Dókítà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Lesa náà ṣiṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó mu ẹ̀kọ, ó jẹ ẹ̀wà tí wọ́n sè kúnná. Ìyàwó rẹ̀ pè mí lórí fóònù láti sọ fún mi, ẹkún ni ó sì fi parí ọ̀rọ̀. Ó ta aṣọ tó nípọn sójú gbogbo fèrèsé ilé wọn ní Bódìjà.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn lesa, èmi àti ọ̀kan nínú àwa mẹ́fà, tó ń gbé ní Akóbọ̀, lọ kí i. Nǹkan bí aago kan ọ̀sán ni. Ìyàwó rẹ̀ ti jáde lọ ra oògùn.

"Níbo lo wà? Mi ò rí ọ," ni ará Akóbọ̀ wí bí a ti wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn náà.

"Látìgbà tó o ti di ọ̀gá níléeṣẹ́ ìjọba ni o ò ti rí ẹnikẹ́ni mọ́," ni ọ̀rẹ́ mi dá a lóhùn.

Nígbà tí a dìde láti máa lọ, òun náà dìde. Láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, a kò kúrò nílé rẹ̀ rí kí ó má sìn wá dé ìdí mọ́tò. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ní ìlú wọn lápá Òkè-Ògùn nìyẹn.

Mo ní, "Jókòó. Ṣé o gbọ́ ohun tí dókítà sọ?"

"Kí ẹ wá dá jáde bí ẹni tí mo lé? Fìlà wà lórí mi."

Ó yẹ kí n tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé inú mi dùn láti rí i tó ń dá rìn. Lẹ́nu géètì, ará Akóbọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàn olùkọ́ wa kan tó sùn lọ níbi tó ti ń ṣọ́ wa nígbà ìdánwò. A rẹ́rìn-ín títí. Kò sí ẹni tó wo aago nínú wa.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ti wú. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti léròrò bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Dókítà kò bá wa wí. Ó kàn sọ pé kímò máa ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù, pé wọn ò lè fún ẹni tí ara rẹ̀ bó báyẹn ní kímò, àfi kí ó jinná. Ojú egbò kẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi dúró. Kí ó tó jinná, ọ̀fun rẹ̀ ti dí padà, jẹjẹrẹ sì ti dé inú ẹ̀dọ̀. Kò gba kímò kankan títí tó fi kú.

Èmi àti ará Akóbọ̀ kò tíì sọ̀rọ̀ ọ̀sán yẹn láàárín ara wa. Òun ṣì wà, ṣùgbọ́n kì í wa mọ́tò mọ́. Ẹnì kan nínú àwa mẹ́fà ti kú lójú ọ̀nà Èkó kí ó tó pé ogójì ọdún. Ẹnì kan kú sí òkè òkun, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Èyí tó wà ní Challenge ń mí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Èmi náà ṣì wà.