Ìlà Kan Ṣoṣo Àǹtí

Wọ́n ní Àǹtí Ìlà-Kan, tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní yàrá káàdì ilé ìwòsàn wa, wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ni káàdì ọ̀kẹ́ méjì aláìsàn bá to ara wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Irọ́ ńlá! Àmọ́ ìdajì rẹ̀ jóòótọ́. Àǹtí kọ ìlà kan ní Pẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìlà náà fi ń wo ọjọ́ ìbí, tó ń pín aláìsàn sí wọ́ọ̀dù.

Ni wọ́n bá pààrọ̀ fọ́ọ̀mù: ọdún ṣíwájú, ọjọ́ kẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìlà Àǹtí rán màmá àgbà ẹni àádọ́rùn-ún ọdún lọ sí wọ́ọ̀dù ọmọ ọwọ́.

Ọ̀gá wọlé. "Àǹtí, tí kò bá tíì tọ́ ká tó ṣíwọ́, ẹ padà sídìí fèrèsé tẹ́ ẹ ti ń gba káàdì tẹ́lẹ̀. Alálàyé á gba àga yín."

Alálàyé ni ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó tì í. Páítọ̀n lèdè kọ̀ǹpútà tiẹ̀, èdè tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

Àǹtí ṣí ìlà rẹ̀. Àfi bíi pé adìyẹ ló fẹsẹ̀ tan ilẹ̀: àmì dọ́là, àmì ìbéèrè, ọ̀pá tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wò ó títí, kò mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ mọ́.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ nǹkan yìí ṣá?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre, ìwọ tó ò ń fi ìlà méjìlá kí èèyàn káàárọ̀! Jókòó. Màá máa túmọ̀, kó o máa kọ ọ́ ní Páítọ̀n."

Ó ń fìka tọ àmì lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èyí ní, wá nọ́ńbà. Èyí ní, bí kò bá sí, máa lọ." Ní àmì kẹsàn-án, ó lu tábìlì. "Mo ti mú un! Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ló ń pè ní ọdún!"

Wọ́n fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ ṣe ọdún. Ìlà mẹ́rìnlá ló dà ní Páítọ̀n, ọ̀gá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà sì kà á, ó yé e. Màmá àgbà kúrò láàárín ọmọ ọwọ́, bó tilẹ̀ ní òun kò tíì sùn tó.

Àǹtí wà lórí àga rẹ̀ digbí. Òfin tiẹ̀ nísinsìnyí: ohun tí ẹlòmíì máa kà, Páítọ̀n; ohun tí òun máa lò, tí òun máa jù nù lọ́jọ́ kan náà, Pẹ́ẹ̀lì.

Nígbà tó gbọ́ pé mò ń kọ ìtàn yìí, ó wá dúró lé mi lórí.

"Kọ ọ́ re o. Mi ò wúkọ́, mo sín ni. Kì í sì í ṣe ìlà kan, ìlà kan ààbọ̀ ni. Èmi ni mo sì ka ìlà mi fúnra mi. Ọmọ yẹn kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni."