Sinimá Adẹ́rùbani Mọ́ṣúdù Oníkọ́tìnnì

Ní Igbein, bí o bá béèrè Mọ́ṣúdù, wọ́n á bi ọ́ pé, "Onísinimá ni àbí oníkọ́tìnnì?" Ẹnì kan náà ni. Kọ́tìnnì ni bàbá rẹ̀ tà, òun náà ló ń tà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ ti wà nínú sinimá. Òun fúnra rẹ̀ a máa ní ojú òun nìkan ló mọ sinimá, ọwọ́ òun ò tíì gbọ́ nípa rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ó dáwọ́ lé sinimá adẹ́rùbani, ìtàn mẹ́rin nínú ẹyọ kan. Jẹ̀lílì ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó máa ń ya fídíò ìgbéyàwó, ló gbé kámẹ́rà. Ràhámátù ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì n'Íbarà, ló ń bá wọn ka ìwé eré, tó sì ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ.

Nínú ìtàn àkọ́kọ́, kọ́tìnnì funfun ni iwin wọ̀. Òrùka ìfikọ́ ò kúrò létí kọ́tìnnì náà, ó sì ń dún wooro bí iwin ti ń rìn. Nínú ìkejì, tòmátì tí wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀ ní ata nínú. Òkú dìde, ó sáré lọ bọ́jú. Nínú ìkẹta, Mọ́ṣúdù fúnra rẹ̀ di ẹbọra, ó gun orí àpáta, ó sì pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há.

Nígbà tó kan ìkẹrin, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe, kò sẹ́ni tó yé.

Ràhámátù ní, "Bàbá Tawheed, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ wò."

Ìtàn náà ò gùn. Awakọ̀ kan tó ń kó sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò wọlé láti ibi iṣẹ́. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun lórí ilẹ̀ títí dé balùwẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń gé ẹ̀fọ́, ó ń gbọ́ omi tó ń dà ní balùwẹ̀. Priscilla aládùúgbò wọn ló ṣe ìyàwó náà. Fóònù dún: ọkọ rẹ̀ ti kú lójú ọ̀nà láàárọ̀. Omi dákẹ́. Ohùn kan ní, "Ìyá Rodiat, bá mi mú táwẹ́ẹ̀lì wá." Obìnrin náà wo ilẹ̀kùn títí, ó sì mú táwẹ́ẹ̀lì. Ó tán.

Mọ́ṣúdù ti kọ ọ́ pé kí òkú já jáde pẹ̀lú ojú pupa. Ràhámátù fa igi lé e. "Ẹnikẹ́ni ò ní jáde."

"Ta ló máa wá sọ̀rọ̀ ní balùwẹ̀?" ni Jẹ̀lílì béèrè.

Gbogbo wọn yíjú sí Mọ́ṣúdù. Ohùn hàrà-hàrà tó kù lọ́fun rẹ̀ ló wọlé lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n fi í hàn ní gbọ̀ngàn kan n'Íbarà. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Nígbà tí ìkẹrin bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Obìnrin kan di ẹni ẹgbẹ́ rẹ̀ mú, kò mọ̀ ọ́n rí.

Alhaji Ṣéhù, ẹ̀gbọ́n bàbá Mọ́ṣúdù, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ta ló ṣe ti ìgbẹ̀yìn yẹn? Má purọ́."

"Ìyàwó mi ni, sà. Ìgbà tí mi ò lè sọ̀rọ̀ ni."

"Alihamudulilahi tí ohùn ẹ há."

Mọ́ṣúdù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Ó dùn mí díẹ̀ o," ló sọ fún Ràhámátù bí wọ́n ti ń lọ sílé.

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀rù náà sì bà mí. Èmi tí mo wà nínú balùwẹ̀ gan-an!"

Ràhámátù ti ń kọ òmíràn báyìí. Bí oníbàárà bá béèrè sinimá náà ní ṣọ́ọ̀bù, Mọ́ṣúdù á ní kó fo mẹ́ta àkọ́kọ́, àfi tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín.