Ẹsẹ̀ Bàtà Kan Lábẹ́ Ìrọ̀rí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ọlọ́gbọ́n tó wà láyé, ẹ lọ gba ọmọ tó ń géni jẹ sílé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo àdúgbò ti di tíṣà.

Bí ọ̀rọ̀ ọkùnrin aránbàtà tí wọ́n ń pè ní Gọ́ọ̀mù ṣe rí nìyẹn. Kò láya, kò bímọ. Ó ń tún bàtà tó ya ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójúde ilé tó ń gbé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kú, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Àwọn ẹbí fo Gọ́ọ̀mù dá, wọ́n ní ọkùnrin ò mọ ọmọ tọ́. Láàárín ọdún mẹ́ta, ilé mẹ́rin gba ọmọ náà, ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá a padà tòun ti báàgì rẹ̀, bí ìgbà téèyàn dá aago tí kò ṣiṣẹ́ padà fún ẹni tó tà á. Nígbà tó wá kan ilé karùn-ún, gbogbo wọn rántí pé ìyá ẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ ọdún méje ni. Ọ̀gá ni Gọ́ọ̀mù ń pè é, torí òun ló ń pàṣẹ nínú ilé. Ọmọ náà kì í pe Gọ́ọ̀mù ní bàbá tàbí bùọ̀dá. "Ọ̀gbẹ́ni" ló ń pè é. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, á jágbe. Ó ń kó búrẹ́dì pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi eyín sàmì sí apá Gọ́ọ̀mù. Ti bàtà ló wá burú jù. Láti ọjọ́ tó ti dé, kò sí àárọ̀ tí ẹsẹ̀ òsì bàtà Gọ́ọ̀mù kì í di àwátì. Odidi aránbàtà, bàtà dúdú lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, sílípáàsì ilé ìwẹ̀ lẹ́sẹ̀ òsì. Àwọn oníbàárà á wò ó, wọ́n á wo bàtà tí wọ́n gbé wá, wọ́n á tún un rò.

"Pàṣán ni," ni aránṣọ tó ń gbé lókè máa ń sọ látojú fèrèsé. "Ẹgba mẹ́fà péré. Ẹ̀ ń kẹ́ ẹ bàjẹ́ ni."

"Ẹ ṣé, mà. Ọmọkùnrin yín àgbà, ṣé ó ti ń bá yín sọ̀rọ̀ báyìí?"

Aránṣọ pa fèrèsé dé.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní, "Gọ́ọ̀mù, gbé e wá kó sùn lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan, kí ìwọ náà sinmi." Ìmọ̀ràn ò wúwo, ìdí tí gbogbo wọn fi ń gbé e kiri nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kọjá àwàdà lọ́jọ́ tí wọ́n bá bàtà tíṣà Ọ̀gá nínú táǹkì omi ilé ìwé. Olórí ilé ìwé ò bi ọmọ pé kí ló dé. Ó kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé pé apá Gọ́ọ̀mù ò ká a. Ọ́fíìsì ní òṣìṣẹ́ àwọn kan ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Bí ìyẹn bá kọ ọ́ pé lóòótọ́ ni, Ọ̀gá ń lọ sílé kẹfà nìyẹn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Gọ́ọ̀mù gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ọ̀gá, mo bẹ̀ ọ́. Lónìí nìkan, má fọwọ́ kan bàtà àlejò."

"Tó bá fẹ́ mú mi lọ ńkọ́?"

"Ìgbà yẹn gan-an ni kó o má fọwọ́ kàn án."

"Màá rò ó, Ọ̀gbẹ́ni."

Obìnrin kan ni òṣìṣẹ́ náà, fáìlì ọwọ́ ẹ̀ nípọn bíi búrẹ́dì. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Ojú ẹ̀ ò kúrò lára sílípáàsì.

"Ẹsẹ̀ ń dùn yín ni, sà?"

"Rárá, mà. Ọmọ yìí ló mú ìkejì bàtà."

"Ẹ ò rí i?"

"Mo rí i. Abẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀ ló wà."

"Ẹ wá ń wò ó níran?"

"Tí mo bá mú un, mà, kò ní sùn. Ẹni tí bàtà ẹ̀ ò pé ò lè lọ jìnnà, ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ nìyẹn. Ìyá ẹ̀ lọ, ilé mẹ́rin lé e. Bàtà tíṣà yẹn náà, ọjọ́ tí tíṣà ní òun ń lọ bímọ ló sọnù. Tíṣà kan ṣoṣo tó fẹ́ràn ni. Olórí ilé ìwé ò kọ ìyẹn sínú lẹ́tà."

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń fi sílípáàsì rìn?"

"Oṣù keje rèé. Ó ti mọ́ mi lẹ́sẹ̀."

Obìnrin náà ń kọ̀wé, kò yé kọ. Gọ́ọ̀mù na ọrùn títí, kò rí i kà. Ìgbà yẹn ló ṣàkíyèsí pé Ọ̀gá ò sí ní pálọ̀ mọ́. Táǹkì omi kan wà lẹ́yìn ilé.

"Ẹ jẹ́ kí n máa lọ," ni obìnrin náà wí.

"Ẹ ò ní mu omi díẹ̀ sí i?"

"Mo ti mu ife mẹ́ta, sà."

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Bàtà méjèèjì wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi pólíìṣì ṣọ́ọ̀bù kùn wọ́n, wọ́n ń dán yinrin, imú wọn kọjú sí ìta. Agbòjò obìnrin náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀gá ló di ilẹ̀kùn mú, ó ti ṣí i gbayawu.

"Ó dàbọ̀, mà. Ẹ rọra."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Tèmi ò wù ẹ́ mú?"

"Ẹ̀yin ẹ lè máa lọ."

"Màá padà wá lóṣù mẹ́fà."

"Ẹ má wulẹ̀ yọra yín lẹ́nu, mà."

Ó yíjú sí Gọ́ọ̀mù. "Mo kọ ọ́ pé ọmọ ti rílé. Ẹni tó bá tún fẹ́ kọ lẹ́tà, kó kọ ọ́ sí èmi fúnra mi."

Nígbà tó lọ tán, Gọ́ọ̀mù gbéra láti lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá wọ yàrá, ó gbé ẹsẹ̀ òsì bàtà jáde, ṣùgbọ́n kò fi sílẹ̀. Ó na ọwọ́ kejì.

"Fìlà ńkọ́?"

Gọ́ọ̀mù wò ó. Ó ṣí fìlà, ó fún un. Ọ̀gá yẹ inú fìlà wò dáadáa, ó tó yọ̀ǹda bàtà.

Bí Gọ́ọ̀mù ṣe ń kọjá lábẹ́ fèrèsé láìdé fìlà, aránṣọ yọjú. "Ó ti wá kan fìlà báyìí? Mo sọ fún yín, pàṣán ni."

Gọ́ọ̀mù dúró, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó fi hàn án. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wá gbé tòsì.