Òwúrọ̀ Tí Ìyá Mi Kọ́kọ́ Wọ́ Àbúrò Mi Lára

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òtítọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àròkọ yìí. Ìṣojú mi ni ó ṣe; n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju àmù omi ẹ̀yìnkùlé wa ní Èrúwà lọ, ìyá mi bí ọmọkùnrin kan. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ lè rò pé ayọ̀ nìkan ni ó kún ilé wa. Ayọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ tí ìyá mi bí tẹ̀lé mi ti kú nígbà ọyẹ́ kan, lẹ́yìn ibà ọjọ́ méjì. Orí ẹsẹ̀ ìyá mi ni ó kú sí, ní òwúrọ̀, bí ó ti wẹ̀ fún un tán. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti gbà pé ọwọ́ òun kò dára fún ìkókó. Ó ń fún ọmọ tuntun náà lọ́mú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti mu ún tán, kíá ni yóò gbé e fún ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà kì í fi ìwẹ̀ ọmọ ṣeré. Yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, yóò sì tẹ́ ọmọ sórí wọn. Lẹ́yìn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti kànrìnkàn, yóò yọ́ òrí sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi pa ọmọ lára láti èjìká dé ẹsẹ̀, yóò wọ́ ọ lápá, yóò wọ́ ọ nítan, yóò sì máa fi ọwọ́ ra ikùn rẹ̀ yíká títí atẹ́gùn inú rẹ̀ yóò fi jáde. Kí ó tó ṣe tán, ọmọ tí ó ń ké bí ẹni pé wọ́n fẹ́ pa á yóò ti sùn. Èyí yà mí lẹ́nu púpọ̀. Kí ni ọwọ́ ń wí fún ara, tí ara fi ń gbọ́? Mo bi Ìyá Àgbà.

Ó ní, "Orí ẹsẹ̀ yìí kan náà ni ìwọ náà sùn sí. Ṣé o ti gbàgbé ni?"

Obìnrin tí ó ń gbé ojúlé kejì sí wa máa ń fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyàwó, ṣé ẹyin lo yé ni, tó o fi ń fi ìka méjì gbé e?" Ìyá mi yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀, yóò sì wọ yàrá lọ. Kì í sùn. Bí ọmọ bá kàn mí kanlẹ̀, yóò dìde jókòó. Ó ń rù, wàrà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń sọ fún bàbá mi pé bí a kò bá tètè wá nǹkan ṣe, àti ìyá àti ọmọ ni a ó pàdánù.

Ní ọjọ́ ọjà ìlú Tápà kan, tí bàbá mi ti lọ sí oko, tí obìnrin ojúlé kejì náà sì ti lọ tajà, Ìyá Àgbà jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ti fi àkísà di ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ti yẹ̀," ni ó wí. "Mi ò lè fi lé eṣinṣin. Ìyàwó mi, wá wẹ ọmọ rẹ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró dìgbà tí ìyá ojúlé kejì bá dé láti ọjà. Ẹ̀rù ọwọ́ mi ń bà mí."

"Omi ń tutù o."

Ìyá mi jókòó. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó kan òrí, ìka kan ṣoṣo ni ó fi ń kan ọmọ láyà.

"Àtẹ́lẹwọ́ ni! Ṣé ọbẹ̀ lò ń tọ́ wò ni?"

Ìyá mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó wọ́ apá, ó wọ́ itan, ó fi ọwọ́ ra ikùn rẹ̀ yíká bí ó ti rí i tí Ìyá Àgbà ń ṣe é. Ọmọ náà só, ó dún gan-an. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ ń wò ó lójú, kò ké mọ́. Nígbà tí ó yá, mo rí i tí wàrà ti rin bùbá ìyá mi níwájú. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì sùn pọ̀ lórí ẹní, Ìyá Àgbà sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń lé àwọn adìyẹ kí wọ́n má baà jí wọn.

Ní ọjọ́ kẹta, mo bá Ìyá Àgbà níbi ọlọ. Ọwọ́ méjèèjì ni ó fi ń lọ ata, pẹ̀lú àkísà náà lọ́rùn ọwọ́.

Mo ní, "Ìyá Àgbà, ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Ó ń dùn mí. Ata ò ní lọ ara rẹ̀."

Mo sáré lọ sọ fún ìyá mi. Ó bi mí pé, "Ọwọ́ wo ló fi ń lọ̀ ọ́?" Mo ní méjèèjì ni. Ó tún bu òrí, ó sì ń wọ́ ọmọ rẹ̀ lọ.

Ayé ti yí padà báyìí. Nọ́ọ̀sì ni ó ń kọ́ àwọn ìyá ọmọ ní bí a ti ń wọ́ ìkókó lára. Òróró inú ìgò àti pọ́dà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń lò dípò òrí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ìyàwó àdúgbò wa ṣì ń gbé ìkókó wọn wá fún ìyá mi, àbúrò mi náà sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Àgbà ti kú. Ní gbogbo ìgbà òjò títí ó fi kú, ó máa ń di àkísà mọ́ ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún yẹn, tí yóò máa kérora. Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, mo bi ìyá mi ní ohun tí mo ti fẹ́ mọ̀ láti kékeré. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó sì ní kí n bá òun gbé igbá òrí wá. Ṣé ọwọ́ Ìyá Àgbà yẹ̀ lóòótọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà?