Irin Mẹ́fà Tí Mo Nù Mọ́ Jù

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú fo àṣìṣe mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà nílé, ọwọ́ mi sì mọ àkísà lò ju kálàmù lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ́ níbì kan, ẹ bá mi tọ́ ọ.

Mo rántí òórùn gíríìsì àtijọ́. Òun ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wa ní Lichtenberg, ní Berlin, kí n tó bọ́ kóòtù òtútù mi. Owó Euro ṣì jẹ́ tuntun lọ́wọ́ wa nígbà yẹn. Ìyá mi ti kú nílé, àǹtí mi tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ ló mú mi wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Märkisches Viertel ní Berlin. N kò sunkún nígbà tí wọ́n sin ìyá mi, n kò sì sunkún nínú ọkọ̀ òfúrufú. Nǹkan kan kò dùn mí, nǹkan kan kò sì dùn mọ́ mi. Mo ń jí, mo ń wọ bọ́ọ̀sì, mo ń wọ U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, mo ń ṣiṣẹ́, mo ń padà wálé. Àǹtí á ní, "Ọmọ yìí, ṣé wọ́n gé ẹ láhọ́n ni?" Èmi á ní, "Rárá, mà."

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi wá iṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni ọmọ àǹtí, tó ń gbé ní Osdorfer Born ní Hamburg. Òyìnbó ni ọkọ rẹ̀, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ kan tó máa ń yìnbọn sí bébà lópin ọ̀sẹ̀, fún eré. Ìbọn àwọn sójà àtijọ́ ni wọ́n ń lò, èyí tí ìjọba tà nígbà tí wọn kò nílò rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dàgbà ju bàbá mi lọ. Bàbá àgbàlagbà kan ní ilé iṣẹ́ náà ní Lichtenberg, tí mo ń pè ní Meister, ìyẹn ọ̀gá, ló ń bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò bóyá irin rẹ̀ ṣì dára.

Wọn kì í gbé odindi ìbọn wá. Irin kan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, Verschluss ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń ti ẹ̀yìn ìbọn pa bí ẹni ti ilẹ̀kùn, kí iná ọta má baà padà sójú ẹni tó ń yìn ín. Meister sọ fún mi pé ó máa ń rẹ irin bó ṣe ń rẹ èèyàn. Bí wọ́n bá yin ìbọn fún ọdún púpọ̀, irin náà lè là níbi tí ojú kò rí, á sì máa dán lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, títí di ọjọ́ tó máa fọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn pẹ́ létí mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí a ṣe ń wá ibi tó là nìyí. A ó fọ gíríìsì kúrò, a ó kun irin náà ní ọ̀dà pupa, a ó sì dúró kí ọ̀dà náà wọ inú. Lẹ́yìn náà a ó nu ti òde kúrò, a ó wá fín nǹkan funfun bí ẹfun sí i lára. Bí ibì kan bá là, pupa tó sá pamọ́ síbẹ̀ á jáde sórí funfun, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí.

Èmi ni mo ń nù ún. Ọjọ́ tí Meister kọ́ mi, ó sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ń tọ́ka sí ìgò, ó ń tọ́ka sí àkísà, ó wá ní, "Verstanden?" Ó ń béèrè bóyá ó yé mi. Mo ní, "Ja," bẹ́ẹ̀ ni. N kò gbọ́ tó ìdajì. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, àgbàlagbà kì í sọ̀rọ̀ tán kí ọmọdé ní òun kò gbọ́. "Ẹ̀n, sà" ni wàá dáhùn, wàá sì fi ọgbọ́n orí rẹ wá ìyókù. Àwọn àgbà kan náà ló ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo dì sínú ẹrù mi wá sí Germany.

Ọgbọ́n orí tèmi, ti ìyá mi ni. Ìyá mi gbà pé ìkòkò tí omi rẹ̀ bá ṣì ní àwọ̀, kò tíì fọ̀. Nítorí náà mo gbé ìgò oògùn ìfọ̀, mo fín in sára irin gan-an, ó ń ṣàn, mo ń nù, mo tún ń fín, títí kò fi sí pupa kankan lára àkísà mọ́. Meister á wò ó lábẹ́ iná, á ní, "Sauber!" Ó mọ́! Inú mi kì í dùn nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọrùn mi máa ń gùn díẹ̀. Báyìí ni mo ṣe nu Verschluss mẹ́fà ti ẹgbẹ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà funfun báláú. Meister fọwọ́ sí ìwé, mo dì wọ́n, wọ́n padà sí Hamburg.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Meister kọjá lẹ́yìn mi, ó sì já ìgò gbà lọ́wọ́ mi.

"Nein, nein! Ara àkísà lo máa fín in sí! Tí o bá fín in sára irin, ó máa fọ pupa inú ibi tó là jáde. Kí la máa wá rí?" Ó wò mí. "Ṣé bó o ṣe ń ṣe é látẹ̀yìn wá nìyí?"

Mo ní, "Nein. Òní nìkan ni."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ja."

Ó gbà mí gbọ́. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ kì í purọ́. Mo rò ó pé bí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ á bọ́, ojú á ti ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, àǹtí á ní mo ba orúkọ òun jẹ́. N kò rò nípa ojú ẹni tó máa wà lẹ́yìn ìbọn.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi àti àǹtí lọ sí Hamburg, nítorí ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbé ọmọ tuntun rẹ̀ lọ dúpẹ́ ní ìjọ aláṣọ funfun. Nídìí oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ bá mi wo ọkọ mi o. Lọ́la tí a fẹ́ dúpẹ́, ìbọn ló fẹ́ kọ́kọ́ lọ yìn láàárọ̀ kó tó wá bá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fẹ́ràn ìbọn yẹn jù mí lọ."

Àǹtí ní, "Jẹ́ ó máa lọ jàre. Ṣé ìbọn lè bímọ fún un ni?"

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọmọ náà dání bí ìbọn, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé itan rẹ̀, ó di ojú kan. "Schwägerin," bó ṣe máa ń pe àbúrò ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, "ìwọ lo nù ún fún wa! Sauber!"

Mo wo ibi tí irin náà máa wà. Kò ju ìka mẹ́rin lọ sí ojú rẹ̀. Mo ń wò ó, mo sì ń jẹ ìrẹsì mi lọ. Àyà mi kò já. Mo kàn mọ ohun tí mo mọ̀, bí ẹni tó wà nínú yàrá ṣe ń mọ̀ pé òjò ń rọ̀ níta.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tó já sí, nítorí n kò mọ bí àwọn òǹkọ̀wé ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Wọ́n dá irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sí Berlin, Meister nù wọ́n fúnra rẹ̀. Márùn-ún funfun. Lára ìkẹfà, pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ. N kò béèrè ìbọn ta ni. Meister kò bú mi, kò lé mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀, ní èdè tó bá wù mí. Mo ṣàlàyé ní Yorùbá. Kò gbọ́ ẹyọ kan. Ó ní, "Ja."

Lónìí mo ní ọmọbìnrin kan, German ló fi ń dá mi lóhùn. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tí kò yé e, á ní, "Hä?" Àǹtí ní ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́. Èmi kì í bá a wí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tèmi kò lọ pé ọ̀sẹ̀ kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà, àǹtí àti ẹ̀gbọ́n mi ń lọ sùtánà wọn ní yàrá, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti wọ bàtà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó rò pé mo ń kí òun ni, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ káàárọ̀, dìde." N kò dìde. Mo ní kó má yìnbọn. Mo ní n kò nu irin náà bó ṣe yẹ, mo sì purọ́ fún Meister. Mo wà lórí eékún mi níbẹ̀, títí ó fi gbé kọ́kọ́rọ́ náà padà sórí tábìlì.