Yétúndé, Màlúù Gàní Alápatà

Bí ẹ bá dé ọjà Ìpàta nígbà náà tí ẹ béèrè Gàní Alápatà, wọn ò ní bi yín pé Gàní wo. Alápatà pọ̀ ní Ìlọrin, àwọn tó ń jẹ́ Gàní náà ò kéré, ṣùgbọ́n Gàní kan ṣoṣo ni ọ̀bẹ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì lọ́rùn ẹran. Bàbá rẹ̀ pa màlúù, bàbá bàbá rẹ̀ pa màlúù, òun náà sì ti ń pa á kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n rẹ̀. Ó ga, ó sanra, bó bá sì ń kígbe polówó ẹran, ẹni tó wà lókè odò á gbọ́. Ẹni tó bá rò pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kò lè fẹ́ràn ẹranko, kó jókòó kí n sọ ti Yétúndé fún un.

Lọ́dún 1969, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ya wọ Ìlọrin nítorí ìpínlẹ̀ tuntun, tí ẹran sì ń tà bí ẹni ń bù ú dànù, Gàní ra abo màlúù funfun kan lọ́wọ́ àwọn tó kó ẹran wá láti òkè Ọya. Ikùn màlúù náà rí rọ̀bọ̀tọ̀, gbogbo wọn rò pé ọ̀rá ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pa á, Gàní la ikùn rẹ̀, ó bá ọmọ níbẹ̀. Ọmọ náà ti pé oṣù, ó sì ń mí.

Hàrúnà, alápatà ẹgbẹ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Gàní, tètè ṣe bìsìmílà sí i, kó má baà kú mọ́ wa lọ́wọ́ kó di òkú ẹran."

Hàrúnà ò purọ́. Bí àwọn alùfáà ṣe kọ́ wọn nílé kéú nìyẹn: ọmọ tó bá jáde láàyè, ọ̀bẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Gàní gbé ọ̀bẹ. Ọmọ màlúù náà lajú, ó na ahọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ìka Gàní, ìka tí ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ọwọ́ Gàní rọ̀ wálẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀. Ó bọ́ dàńṣíkí rẹ̀, ó fi wé ọmọ náà, ó gbé e kọ́ èjìká, ó forí lé Pàkàtà níbi tí ilé rẹ̀ wà, òun tí kì í fi ẹran tí kò tíì kun sílẹ̀ lọ síbì kankan.

Hàlímọ̀tù ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó wọlé.

"Bàbá Ràúdá, kí lẹ gbé bọ̀ yìí? Ṣé sísè ni àbí sísìn?"

"Ọmọ òrukàn ni."

"Ta ló sọ ọ́ di ọmọ òrukàn?"

Gàní lọ wá ibi tí yóò tẹ́ ọmọ náà sí.

Ràúdátù, àkọ́bí wọn, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló sọ ọ́ ní Yétúndé. Abo ni, ìyá rẹ̀ sì kú kó tó bọ́ sílé ayé, orúkọ wo ni wọn ì bá tún fún un? Ìyábọ̀dé, ìyàwó tíṣà ará Ọ̀mù-Àrán tó ń gbé yàrá iwájú, fi ọjọ́ mẹ́ta bínú. Ó ní ìtumọ̀ kan náà ni orúkọ òun àti ti màlúù yẹn ní, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bú òun ní ilé tí òun ti ń sanwó. Lọ́jọ́ kẹrin, òun ló ń ṣa èèpo iṣu jọ fún olórúkọ rẹ̀.

Láràárọ̀ ni Binta, Fúlàní onígbá wàrà láti gáà àwọn darandaran tó wà lọ́nà Òkè-Ọ̀yì, ń mú wàrà tútù wá kó tó gbé ìyókù lọ sọ́jà. Òun ló kọ́ Gàní bí wọ́n ṣe ń ki ìka bọ igbá kí ọmọ màlúù lè rò pé ọmú ni. Ẹ wá wo Gàní Alápatà lórí ìkúnlẹ̀, tó fi ẹnu ṣe ṣùẹ̀ṣùẹ̀ bí abiyamọ.

"Màlúù tí ò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin," ni Gàní máa ń wí.

"Wàrà Binta ni o," Hàlímọ̀tù á sì dá a lóhùn.

Yétúndé dàgbà. Ó funfun bí ìyá rẹ̀, etí kan péré ló dúdú. Àṣà kan wà láàárín òun àti Gàní: bí Gàní bá ti kírun àsùbáà tán, á lọ bá a lẹ́yìn ilé, Yétúndé á dùbúlẹ̀, á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á na ọrùn, Gàní á sì máa bá a họ ọ̀fun títí ojú rẹ̀ á fi pa dé. Lẹ́yìn náà, Gàní á mú ọ̀bẹ, á lọ sí ibi ìpẹran, á lọ pa àwọn yòókù. Kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Iṣẹ́ niṣẹ́, ilé nilé.

Ràúdátù bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, àwọn tí ẹ ń lọ pa yẹn ńkọ́? Ṣé ọ̀fun kì í yún àwọn náà ni?"

"Lọ fọ abọ́," ni Gàní wí.

Nígbà tó di ọdún 1973, Alhaji Àbdùlsàlámì kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́ Ràúdátù, wọ́n sì fẹ́ mú ọjọ́ wólímọ̀, ayẹyẹ ìparí Kùránì tí ọmọbìnrin Ìlọrin ń ṣe kó tó wọlé ọkọ. Ọ̀rọ̀ kan oúnjẹ. Inú Gàní dùn, ẹnu rẹ̀ sì yá ju èrò rẹ̀ lọ.

"Alhaji, ṣé wọ́n ń bá alápatà sọ̀rọ̀ ẹran ni? Màlúù ti wà nílé! Mi ò ní lọ sọ́jà." Ó mú wọn dé ẹ̀yìn ilé, ó nawọ́ sí Yétúndé. Wọ́n wò ó, wọ́n yìn ín, wọ́n ní ẹran wà lára rẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí wọ́n ṣe lọ tán ni Gàní mọ ohun tí òun sọ. Hàlímọ̀tù ò bá a jà, ìyẹn gan-an ló dùn ún. Ràúdátù ló wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ pa á. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ nílé ọkọ mi pé bàbá mi lérí ẹran tí kò lè pa. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ ẹran lọ́jọ́ náà."

Oṣù kan gbáko ni Gàní fi rù. Bí kò bá pa Yétúndé, ìtìjú ọmọ rẹ̀ ni, ìtìjú tirẹ̀ náà sì ni láàárín àwọn alápatà. Bó bá sì pa á, báwo ni yóò ṣe máa jí láàárọ̀? "Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó dọjọ́ ikú kó yẹrí," ó wí fún Hàlímọ̀tù lálẹ́ ọjọ́ kan. "Èmi wá ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi gbé ikú náà dé."

Ọjọ́ wólímọ̀ pé. Gàní kírun tán, ó mú ọ̀bẹ. Hàrúnà àti àwọn mẹ́ta ti dúró lẹ́yìn ilé pẹ̀lú okùn, nítorí màlúù tó tó bẹ́ẹ̀, tipátipá ni wọ́n fi ń dá a dùbúlẹ̀. Wọn ò lo okùn. Bí Yétúndé ṣe rí Gàní, ó kúnlẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó na ọ̀fun.

"Sùbùhánáláhì!" ni Hàrúnà wí. "Ẹran tó ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀!"

Gàní mọ̀ pé kò fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá gba ọ̀fun híhọ òwúrọ̀ rẹ̀ ni. Gàní la ẹnu pé kí òun ní bìsìmílà, ẹnu là, ohùn ò jáde. Ó tún un là. Ẹran tí wọn ò sì pe orúkọ Ọlọ́run sí, Mùsùlùmí ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó jókòó sórí erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tuntun lọ́rùn, ó ń họ ọ̀fun Yétúndé, omijé ń dà lójú rẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ó ní kí Hàrúnà lọ mú akọ màlúù pupa tí àwọn so mọ́lẹ̀ de ọjà ọ̀la. Wọ́n fà á dé, wọ́n dè é, wọ́n dá a dùbúlẹ̀ tipátipá. Bìsìmílà jáde lẹ́nu Gàní ketekete. Kí oòrùn tó ta, akọ pupa ti di ẹran.

Ràúdátù ka súrà rẹ̀, kò ṣì í, àwọn alùfáà ṣàdúà, wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ẹran wà lẹ́nu Alhaji Àbdùlsàlámì nígbà tí Yétúndé ké lẹ́yìn ilé. Alhaji dìde, ó yọjú, ó rí etí dúdú.

"Alápatà, ṣé kì í ṣe màlúù tí ẹ fi hàn wá nìyẹn?"

Gàní ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Òun ni, Alhaji. Mo lérí kí n tó bi ọkàn mi léèrè. Apá mi ò ká a. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ ọmọ mi níyà."

Alhaji wò ó títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Wàláì, ẹran la ní kí ẹ fún wa, a ò sọ pé kí ẹ pa ọmọ yín. Ẹ dìde." Ó jókòó, ó gbé abọ́ rẹ̀ sókè. "Ṣùgbọ́n èyí tí mò ń jẹ yìí, Gàní, kí ni wọ́n ń pe òun?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gàní náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ikùn. "Kò lórúkọ, Alhaji," ó wí. "A ò tíì mọra."

Kò pẹ́ tí Binta fi mú Yétúndé lọ sí gáà, níbi tí koríko wà, ibẹ̀ ló sì ti bímọ. Ràúdátù wọlé ọkọ tayọ̀tayọ̀. Gàní ò fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì yé jẹ ẹran. Ìdí màlúù gan-an ló fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì wólímọ̀, ní ibi ìpẹran, wọ́n dá akọ kan dùbúlẹ̀ fún un, ó sì fi ọ̀bẹ sápá kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ̀fun rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe?" Hàrúnà bi í.

"Mò ń kí i."

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe fún gbogbo ẹran títí tó fi darúgbó, tó fi ọ̀bẹ lélẹ̀. Hàrúnà á máa kùn pé ó ń dá àwọn dúró. Nígbà míì, ẹran náà á na ọrùn sí i. Gàní á dúró díẹ̀ sí i, kó tó ní bìsìmílà.